Bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọnà dída rẹ́síìnì

Olómi méjì ni a ń pò pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí: rẹ́síìnì fúnra rẹ̀, ìyẹn olómi kan tí ń le bí ike tó bá ti dì, àti èyí tí ń mú un dì. Ìwọ̀n tí a kọ sára ike wọn ni kí ẹ tẹ̀ lé, yálà 1 sí 1 tàbí 2 sí 1, nítorí pé bí ọ̀kan bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ohun tí ẹ dà kò ní dì dáadáa, yóò sì máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́.

Kí ẹ tó ṣí ike, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́ nitrile (irú rọ́bà kan). N kì í fi èyí ṣeré rárá, torí pé ara tí rẹ́síìnì tútù ń kàn léraléra lè kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan, kí ó máa yún, kí ó sì sú.

Ẹ da olómi méjèèjì pọ̀ sínú ife, kí ẹ rọra rò ó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 3, kí ẹ máa ha ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ ife. Ẹ óò kọ́kọ́ rí àwọn ìlà tín-ín-rín tí ń lọ́ nínú rẹ̀, bí ìgbà tí a da oyin sómi. Ìgbà tí wọ́n bá pòórá, tí ó mọ́ gaara, ni ó tó dà. Mọ́ọ̀dù sílíkónì kékeré, ìyẹn àwo rírọ̀ bíi rọ́bà tí a ń da rẹ́síìnì sí kí ó lè mú ìrísí rẹ̀, ló dára fún ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé rẹ́síìnì ń mú ooru jáde bí ó ti ń dì, èyí tó bá sì pọ̀ jọ lè gbóná débi tí yóò fi sán. Bí afẹ́fẹ́ bá rú sójú rẹ̀, ẹ fi ṣóńṣó igi ìtayín bẹ́ ẹ. Ẹ bò ó kí eruku má baà bà á, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24 kí ẹ tó yọ ọ́.