Bí A Ṣe Ń Kọ Ìkìlọ̀ Nípa Jẹjẹrẹ Tí Òbí Yóò Kà Tán

Bí ẹ bá fẹ́ fi ìkìlọ̀ nípa jẹjẹrẹ ránṣẹ́ sí àwọn òbí lórí WhatsApp ní Adó-Èkìtì, ẹ má fi ikú bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí ẹ̀rù bá bà kì í kà á tán. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ: abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14 lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ń dènà kòkòrò tí ó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gbà á. Ohùn ìyá kan tí ó fi ẹ̀ka-èdè Èkìtì sọ bí òun ṣe mú ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ náà, lójú tèmi, wúlò ju àwòrán mẹ́wàá lọ. Bí ẹnìkan bá béèrè bóyá abẹ́rẹ́ náà ń sọni di àgàn, ẹ fèsì jẹ́jẹ́, lójú gbogbo ẹgbẹ́, pé rárá.