Sikáànù àti Ẹ́síréè: Ìtọ́sọ́nà fún Ará Oko

Bí ọ̀kadà bá gbé èèyàn ṣubú lójú ọ̀nà oko, ọ̀dọ̀ teguntegun la kọ́kọ́ ń gbé e lọ. A ò ní kẹ́ ẹ má lọ. Àmọ́ ẹ ya ẹ́síréè ná, kẹ́ ẹ sì mú fọ́tò náà dání, torí ojú lásán kò lè mọ̀ bóyá egungun sán ni, tàbí ó fọ́ sí wẹ́wẹ́, tàbí oríkèé ló yẹ̀. Egungun tó bá ti yọ síta ara, ilé ìwòsàn nìkan ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Bí wọ́n bá sì ti di ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà, ẹ máa wo àwọn ọmọ ìka. Bí wọ́n bá wú, tí wọ́n tutù, tí wọ́n ń dúdú, tàbí tí wọn kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́, ẹ tú ìdì náà lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn. Ìdì tó le jù ti mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ ẹni tí egungun rẹ̀ ì bá jiná.

Ẹ́síréè àyà ńkọ́? Ẹni tó bá ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó ń rù, tó ń làágùn lóru, kó lọ ṣàyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ẹ̀rọ tí wọ́n lè gbé dé abúlé, tó ń lo bátìrì, ti wà. Láti ọdún 2021 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí i pé kọ̀ǹpútà lè ka fọ́tò àyà ẹni tó ti pé ọdún 15. Òjìji inú fọ́tò nìkan kò tó ẹ̀rí o. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni wọ́n máa yẹ̀ wò kó tó dájú. Ọ̀fẹ́ ni oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ní Nàìjíríà. Obìnrin tó bá lóyún, tàbí tó fura pé òun lóyún, kó sọ fún wọn kí wọ́n tó ya á.

Sikáànù aláboyún

Sikáànù aláboyún kò ní ìtànṣán bíi ti ẹ́síréè. Ìró tí etí èèyàn kò lè gbọ́ ló ń rán wọnú ara, bí ìró náà ṣe ń padà bọ̀ ló fi ń ya àwòrán. Nọ́ọ̀sì á da jẹ́ẹ̀lì tútù sí ikùn, ara ìyá á gbọ̀n díẹ̀, nọ́ọ̀sì á wá máa fa orí ẹ̀rọ náà lọ fà á bọ̀ lórí ikùn. Dúdú àti funfun ṣáá lẹ máa kọ́kọ́ rí, kẹ́ ẹ tó rí ọkàn ọmọ tó ń lù kìkìkì.

Kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24 ni kẹ́ ẹ ṣe é, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà yẹn ni wọ́n lè mọ ọjọ́ orí oyún dáadáa, bóyá ìbejì ni, àti ibi tí ibi ọmọ jókòó sí. Akọ tàbí abo táwọn èèyàn máa ń sáré béèrè kò tó ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Bí wọ́n bá ní ibi ọmọ wà nísàlẹ̀, ẹ má pariwo: ó sábà máa ń gòkè bí ilé ọmọ ṣe ń tóbi. Ẹ padà lọ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 32. Bó bá ṣì dí ọ̀nà nígbà yẹn, ìyá náà kò gbọdọ̀ bímọ sílé, ẹ̀jẹ̀ lè dà títí ẹ̀mí á fi bọ́.

Bí oyún bá ṣì kéré, ẹ mu omi dáadáa, ẹ má tọ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé.

Kí ẹ̀rọ tó dé abúlé

Orí ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń so mọ́ fóònù, agbẹ̀bí tí wọ́n bá kọ́ sì lè lò ó, kó fi àwòrán ránṣẹ́ sí dókítà nílùú. Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹ̀rọ sikáànù tí wọ́n fi ta wá lọ́rẹ, tí ọ̀rá tí wọ́n fi wé e ṣì wà lára rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà níbi ayẹyẹ tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀, ijó pọ̀. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó kí olóore, ẹ béèrè: ta ló máa lò ó? Iná wo ló máa gbé e? Ta ló máa ra jẹ́ẹ̀lì, ta ló máa tún un ṣe? Ẹ tún bẹ̀ wọ́n kí ọjọ́ sikáànù bọ́ sí ọjọ́ ọjà, torí ọjọ́ yẹn ni mọ́tò ń wọ oko.

Ẹ má ká fọ́tò ẹ́síréè, ẹ má sì fi sábẹ́ ẹní. Ẹ fi í sínú àpòòwé rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àbájáde, kẹ́ ẹ mú un dání nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá ń lọ rí dókítà, torí òun ni wọ́n máa fi wé tuntun.