Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Ìgbéyàwó Kóòtù ní Nàìjíríà

Láti inú orúkọ tí a ń pè é gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. “Ìgbéyàwó kóòtù” ni gbogbo ayé ń sọ, ṣùgbọ́n adájọ́ kọ́ ló ń so tọkọtaya pọ̀ ní Nàìjíríà. Rẹ́jísìtìrì ni wọ́n ti ń ṣe é, níwájú akọ̀wé ìgbéyàwó, lábẹ́ òfin tí wọ́n ń pè ní Marriage Act. Ó lè jẹ́ rẹ́jísìtìrì ìjọba àpapọ̀, bí èyí tó wà ní Ìkòyí, tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀ yín.

Nítorí orúkọ yìí, àwọn kan a máa gba kóòtù lọ ní tòótọ́. Wọ́n á ra fọ́ọ̀mù àfidéfíìtì, wọ́n á búra pé àwọn jẹ́ tọkọtaya, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí i, wọ́n á sì padà sílé tayọ̀tayọ̀. Kò sí ìgbéyàwó kankan níbẹ̀ o. Ohun tí ẹ̀yin fẹnu ara yín sọ ni ìwé yẹn gbà sílẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé àdéhùn tí lọ́yà tẹ̀ fún yín kò yàtọ̀ sí i. Ọjọ́ tí ẹ bá mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń gba físà, tàbí tí ọ̀rọ̀ ogún bá délẹ̀, lẹ máa tó mọ̀ pé ọwọ́ yín ṣófo.

Àṣìṣe kejì: kí ẹ ti pín ìwé ìpè kí ẹ tó lọ fi orúkọ sílẹ̀. Òfin ní kí ẹ kọ́kọ́ kọ ìkéde, ìyẹn Form A. Akọ̀wé á kọ ọ́ sínú ìwé ìkéde ìgbéyàwó, á sì lẹ̀ ẹ́ síta kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Lẹ́yìn ọjọ́ 21 nìkan ló tó lè fún yín ní ìwé àṣẹ láti ṣègbéyàwó. Ìgbéyàwó náà sì gbọ́dọ̀ wáyé kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ibi oṣù mẹ́ta yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀, torí ọjọ́ tí ìwé àṣẹ jáde ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Láti ọjọ́ tí ẹ kọ ìkéde ni ẹ gbọ́dọ̀ ti kà á. Bí ẹ bá kọ ìkéde ní ọjọ́ 3 oṣù Ẹrẹ́nà, ìwé àṣẹ kò lè jáde ṣáájú ọjọ́ 24, ìgbéyàwó náà kò sì gbọdọ̀ kọjá ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Òkúdù. Bí bàbá ìyàwó bá rìnrìn àjò tí ẹ sì sún un síwájú kọjá ibẹ̀, ìkéde ti kú nìyẹn. Ẹ óò tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ óò sì tún owó rẹ̀ san.

Ọ̀nà kan wà tí kò ní dídúró ọjọ́ 21 nínú: ìwé àṣẹ pàtàkì tí mínísítà fọwọ́ sí. Ó yàtọ̀ pátápátá sí ti alágbàtà ẹnu ọ̀nà tó ní kí ẹ mú owó wá, òun á bá yín ṣe gbogbo rẹ̀ “lónìí lónìí.” Bí ẹ̀yin méjèèjì bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣègbéyàwó láìsí ìkéde, láìsí àṣẹ mínísítà, òfin kò kà á sí ìgbéyàwó rárá, bó ti wù kí ìwé yín dán tó.

Kí akọ̀wé tó gbé ìwé àṣẹ lé yín lọ́wọ́, ọ̀kan nínú yín máa búra sí àwọn nǹkan kan: pé ó kéré tán ọ̀kan nínú yín ti gbé ní agbègbè rẹ́jísìtìrì náà fún ọjọ́ 15, pé ẹ kì í ṣe ẹbí tí kò gbọdọ̀ fẹ́ra, pé ọjọ́ orí yín ti pé. Ọjọ́ orí yìí kì í ṣe 18 tí gbogbo ènìyàn rò. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 21 gbọ́dọ̀ mú ìwé ìyọ̀ǹda wá láti ọwọ́ bàbá rẹ̀. Bí bàbá bá ti kú, tàbí tí kò sí ní Nàìjíríà, ìyá ló máa fọwọ́ sí i.

Ìbúra tó kù ló wúwo jù: pé kò sí èyí tó ti fẹ́ ẹlòmíràn nílànà ìbílẹ̀ nínú yín. Ibí yìí ni ẹ jẹ́ ká dúró sí díẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan gbà pé obìnrin tí àwọn san ìdána lé lórí nílé kì í ṣe ìyàwó “lójú òfin,” torí wọn kò gba ìwé kankan. Irọ́ ni. Ìdána tí ìdílé méjèèjì fọwọ́ sí, ìgbéyàwó ni. Ẹni tó bá ní ìyàwó bẹ́ẹ̀ nílé, tó wá mú obìnrin mìíràn lọ sí rẹ́jísìtìrì, ìgbéyàwó rẹ́jísìtìrì yẹn kò dúró, òfin sì lè rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 5. Bákan náà ló rí tí ẹ bá yí i padà. Ẹni tó ti fọwọ́ sí ìwé ní rẹ́jísìtìrì kò lè fi ìdána fẹ́ ìyàwó kejì mọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ló wà nídìí ìyẹn náà. Nítorí náà, ọkùnrin tó mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ṣì máa fẹ́ ìyàwó sí i, kó má fi ẹsẹ̀ kan rẹ́jísìtìrì nítorí físà. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń pín ogún ni ìyàwó kejì máa ń mọ ibi tí òun dúró sí: àwọn ọmọ ní ẹ̀tọ́ tiwọn, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò ní ipò ìyàwó.

Ẹ má fòyà bó bá jẹ́ ẹ̀yin méjèèjì náà lẹ ti ṣe ìdána fún ara yín. Ìyẹn kò dí rẹ́jísìtìrì lọ́wọ́ rárá.

Ẹni tó bá sì ní ohun tó fẹ́ sọ kò ní láti dúró de ọjọ́ ìgbéyàwó kó tó pariwo. Tí òfin bá fún un lẹ́tọ̀ọ́, ó lè lọ kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “Forbidden” (ìyẹn ni pé èèwọ̀ ni), síwájú orúkọ yín nínú ìwé ìkéde, kó fi orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sí i, pẹ̀lú ìdí tó fi kọ ọ́. Akọ̀wé kò ní lè fún yín ní ìwé àṣẹ mọ́ títí ilé ẹjọ́ gíga yóò fi dá ẹjọ́ náà.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni òfin fi sílẹ̀ fún rẹ́jísìtìrì, ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì. Ọ̀pọ̀ máa ń mú ogójì ènìyàn wá sí yàrá kékeré, kí ẹlẹ́rìí méjì tó ṣe kókó sì wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí afárá. Wọ́n á wá fa ẹni tí wọn kò mọ̀ rí wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó bá wọn fọwọ́ sí i. Ẹlẹ́rìí tí ẹ kò ní rí mọ́ láyé kò lè jẹ́rìí fún yín bí ọ̀ràn bá délẹ̀. Ẹ mú ẹni tó mọ̀ yín dunjú, kó mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ dání, kó sì dé ṣáájú yín.

Nínú yàrá náà, akọ̀wé á bi yín bóyá ẹ wá láti di tọkọtaya ni. Lẹ́yìn náà, á ka ìkìlọ̀ kan jáde: pé bí ẹ bá ti fọwọ́ sí ìwé yìí, ẹ ti di tọkọtaya bí ẹ kò tilẹ̀ ṣe ètò mìíràn mọ́, pé ìdájọ́ ìkọ̀sílẹ̀ tó múná dóko nìkan ló lè tú u nígbà ayé yín, pé ẹni tó bá fẹ́ ẹlòmíràn nígbà tí èyí ṣì wà ti dẹ́ṣẹ̀. Àkókò yìí gan-an ni olùyàwòrán máa ń sọ pé, “Ìyàwó, ẹ wo ibí.” Ẹ ní kó dákẹ́ díẹ̀.

Ìdájọ́ tí akọ̀wé ń wí yẹn, ilé ẹjọ́ gíga ló ti ń jáde. Kóòtù ìbílẹ̀ lè tú ìdána ká, kò lágbára lórí ti rẹ́jísìtìrì. Àwọn tó bá ṣe méjèèjì a máa gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ kóòtù ìbílẹ̀, wọ́n á sì fẹ́ ẹlòmíràn, láìmọ̀ pé okùn kejì ṣì wà lọ́rùn.

Ti ṣọ́ọ̀ṣì náà ní tirẹ̀. Àfi bí ìjọba bá ti fún ilé ìjọsìn náà ní ìwé àṣẹ, tí pásítọ̀ sì ti gba ìwé àṣẹ akọ̀wé lọ́wọ́ yín, àdúrà lásán ni ìwé olómi góòlù tí wọ́n fún yín. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìwé àṣẹ ṣọ́ọ̀ṣì yín kí ẹ tó dá ọjọ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ ka ìwé ẹ̀rí náà létà sí létà. Orúkọ yín, ọjọ́ orí, iṣẹ́, ibùgbé, orúkọ bàbá yín àti iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Orúkọ tó wà nínú páàsìpọ́ọ̀tù ni kó wà níbẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń pè yín nílé. Bí “Oluwaseun” bá wà nínú ọ̀kan, tí “Seun” wà nínú èkejì, ìwé ìbúra lẹ máa fi tún un ṣe. Ìyàwó kò gbọdọ̀ fi orúkọ ọkọ fọwọ́ sí i: orúkọ tó gbé wọlé ló máa kọ, orúkọ ọkọ di ẹ̀yìn ìgbà yẹn. Bí ẹ bá délé, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ tẹ̀yìn-tiwájú, ẹ kọ nọ́ńbà àti ọjọ́ rẹ̀ síbòmíràn. Ẹ má sì laminéètì rẹ̀, torí bí ẹ bá fẹ́ lò ó lókè òkun, wọ́n ṣì máa lu òǹtẹ̀ sí ojú tàbí ẹ̀yìn ìwé náà gan-an.