Bí A Ṣe Lè Ran Ọ̀rẹ́ Tí Kò Lè Jẹun Bó Ti Yẹ Lọ́wọ́

Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ń febi pa ara rẹ̀, tàbí tí ó ń mọ̀ọ́mọ̀ bì lẹ́yìn oúnjẹ, àìsàn gidi ni, ó sì ṣeé wò sàn. Bá a sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, nígbà tí oúnjẹ kò sí nílẹ̀, láìdá a lẹ́bi. Má mẹ́nu ba ìrísí rẹ̀ rárá; “o ti sanra”, tí àwa Yorùbá fi ń yin ara wa, lè dá a padà sẹ́yìn. Bá a lọ rí dókítà. Èébì léraléra a máa dín potásíọ́ọ̀mù (èròjà kan tí ara nílò) inú ẹ̀jẹ̀ kù, èyí sì lè da bí ọkàn ṣe ń lù rú. Nítorí náà, bí ó bá dákú tàbí tí àyà ń dùn ún, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà bí ó bá bẹ̀ ọ́ pé kí o má sọ fún ẹnikẹ́ni.