Ẹ Má Fi Ìdajì Ẹ́ńjìnnì Sílẹ̀ sí Ìsọ̀: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Fífi TDI Sínú Golf 2

Ẹ́ńjìnnì dísù onítọ́bò 1.9 TDI tó wà nínú Volkswagen Golf 3, tí àmì rẹ̀ jẹ́ 1Z tàbí AHU, kì í bá Golf 2 jà. Ìdílé kan náà ni wọ́n, ìjókòó ẹ́ńjìnnì sì bá ara mu. Ìsọ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́: ẹni tó lọ sí Ladipo, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ l'Ékòó, ná ẹ́ńjìnnì, ó sanwó, ó gbé e, ó sì fi ìdajì ohun tó ń mú un ṣiṣẹ́ sílẹ̀ fún olùtà.

Half-cut ni kí ẹ rà bí owó bá ká a, ìyẹn iwájú Golf 3 tí wọ́n gé lódindi. Bí kò bá sí, brain box (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì), wáyà rẹ̀ láìgé, pẹ́dà tọ́rọ́tù, sẹ́nsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́, intercooler (tó ń tu afẹ́fẹ́ turbo lára) pẹ̀lú páìpù rẹ̀, starter àti relay (ṣíṣí iná) tí wọ́n kọ 109 sí lórí gbọ́dọ̀ bá ẹ́ńjìnnì wálé. Pẹ́dà yẹn ni wọ́n ń gbàgbé jù. Okùn ni Golf 2 fi ń fa tọ́rọ́tù. TDI kò lókùn, sẹ́nsọ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ ló ń jíṣẹ́ fún brain box. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì á jí, ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní gbọ́. AHU tún ní ìṣòro kọ́kọ́rọ́: bí brain box kò bá rí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á jí, á sì kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ náà, òrùka tó ń kà á àti àpótí immobilizer rẹ̀, tàbí kí ẹ wá 1Z àkọ́kọ́ tí kò ní ìdènà yìí.

Relay 109 ló ń gbé iná fún brain box. Ooru máa ń mú kí lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi lẹ wáyà inú rẹ̀ sán. Bí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́ tí iná glow plug (tó ń mú ẹ́ńjìnnì dísù gbóná kó tó jí) kò tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àwọn kan ti ra pọ́ǹpù dísù tuntun lásán nítorí rẹ̀.

Àṣìṣe tó lè pani ni ti pọ́ǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́ fún bíréèkì. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ń fi èémí ara rẹ̀ fà á. Ti dísù kò ní ìlẹ̀kùn tọ́rọ́tù lẹ́nu, nítorí náà kò sí fífà kankan níbẹ̀. Ojú ihò tí distributor ń gbé lára ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ni pọ́ǹpù yìí jókòó sí. Ẹlòmíì á rí i pé ó ń jò, á yọ ọ́, á fi irin pẹlẹbẹ dí ihò. Bíréèkì á le bí òkúta, ṣùgbọ́n ẹ lè má tilẹ̀ dé ibi tí ẹ ti máa tẹ̀ ẹ́, nítorí ìdí pọ́ǹpù yìí kan náà ló ń yí pọ́ǹpù ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kù kí ọkọ̀ tó jáde ní ọgbà.

Ẹni tó ta ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ kò mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì timing rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó ṣì wà nílẹ̀. Fífi ọ̀dà sàmì sí bẹ́líìtì kò tó. Ẹ gbé flywheel sí àmì TDC (ibi tí písítìnì àkọ́kọ́ ti dé òkè pátápátá), ẹ ki irin pẹlẹbẹ sí ojú ihò ìdí camshaft, ẹ sì fi pín-ìn tì pọ́ǹpù dísù pa. Sprocket camshaft (jíà tí bẹ́líìtì ń yí) kò ní kíì, irin kékeré tó ń tì í mọ́ ibì kan, fífún lásán ló dì í mú: ẹ tú u, ẹ fa bẹ́líìtì le, kí ẹ tó fún un ní 45 Nm (Nm ni ìwọ̀n agbára ìyípo). Bóòtì crankshaft gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun: 90 Nm, lẹ́yìn náà ìdámẹ́rin ìyípo kan sí i. Bóòtì àtijọ́ á jẹ́ kí sprocket máa mì, á jẹ kíì rẹ̀, písítìnì á sì gbá fáàfù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná dé 80°C, ẹ fi VCDS, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka brain box Volkswagen, wo timing pọ́ǹpù. Etí kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ẹ fọ tánkì. Bẹntiróòlù tó kù nínú rẹ̀ máa ń fọ ọ̀rá tó ń dáàbò bo pọ́ǹpù dísù kúrò. Bí pọ́ǹpù oníná bá wà nínú tánkì, ẹ yọ ọ́. Ti TDI ń fa epo fúnra rẹ̀. Ẹ má sì fi starter fa epo láti tánkì gbígbẹ. Ẹ rọ dísù kún fílítà, kí ẹ fa á láti ẹnu páìpù ìpadà títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò fi tán.

Gíà bẹntiróòlù kúrú jù fún ẹ́ńjìnnì tó ń fúnni ní 202 Nm ní ìyípo 1,900 láàárín ìṣẹ́jú kan. Á máa ké lójú márosẹ̀. Gíà 02A ti Golf 3 ló yẹ, pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tí ọ́ìlì bíréèkì ń tì (hydraulic) dípò okùn. Rédíétọ̀ ńlá, sípíríìǹgì iwájú ti dísù àti bátìrì tó lágbára náà ńkọ́? Ẹ rà wọ́n, kò sí àríyànjiyàn. Ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ olùtà, nítorí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọkọ̀, ó sì yẹ kí ẹ lọ yí i padà.

Ní ọjọ́ tí ẹ máa kọ́kọ́ jí i, ẹ rọ ọ́ìlì VW 505.00, ẹ yọ wáyà tó ń pa dísù lórí pọ́ǹpù, kí ẹ fi starter yí i títí iná ọ́ìlì yóò fi kú. Ìgbà yẹn ni turbo tó rí ọ́ìlì mu. Kí ẹ tó dá wáyà padà, ẹ gbé pákó pẹlẹbẹ kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu páìpù afẹ́fẹ́: turbo tòkunbọ̀ tó ń jo ọ́ìlì lè mú kí ẹ́ńjìnnì máa fi ọ́ìlì ara rẹ̀ sáré, kọ́kọ́rọ́ kò sì ní lè pa á. Pákó ni kí ẹ fi bò ó, ẹ má fi ọwọ́ bò ó.