Bí A Ṣe Lè Gba Ilẹ̀ àti Etí Wa Lọ́wọ́ Èérí àti Ariwo ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ìbàjẹ́ ilẹ̀ àti ariwo àpọ̀jù ni àlàyé yìí dá lé, mo sì pa méjèèjì pọ̀ nítorí pé, ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ojú kan náà ni wọ́n ti ń wá. Ibi tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ti ń ké láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ni omi kíkan ti ń ṣàn lọ sí ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn. Ibi tí wọ́n ti ń lu páànù ọkọ̀ ni ọ́ìlì dúdú ti ń wọ ilẹ̀ lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání ni pé ibi tí nǹkan náà ti ń jáde ni ó ti rọrùn jù lọ láti dá a dúró. Bí èérí bá ti wọ kànga, tàbí tí ariwo bá ti ba etí ọmọ jẹ́, owó ńlá ni yóò gbà, nígbà mìíràn apá kò sì ní ká a mọ́.

Ibi tí a ti ń ṣe gàrí

Gàrí Ìjẹ̀bú kì í ṣe ohun tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ti fi owó rẹ̀ tọ́ ọmọ yanjú. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni pa iṣẹ́ náà tì. Bí a ó ṣe máa ṣe é tí ilẹ̀ kò fi ní bàjẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Bí ẹ bá dé ibi iṣẹ́ náà, ẹ kọjá sí ẹ̀yìn jáàkì tí wọ́n fi ń tẹ àpò ẹ̀gẹ́ lílọ̀. Ẹ ó rí omi funfun bí omi ògì tó ń kán láti inú àpò, tó kóra jọ sójú kan, tó sì la ọ̀nà tóóró gba ìsàlẹ̀ lọ. Koríko kankan kò hù lójú ọ̀nà yẹn. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó ń yọ̀, èépá funfun ti gbẹ mọ́ etí rẹ̀ níbi tí oòrùn ti pa á, òórùn rẹ̀ sì ń gún ni nímú.

Nǹkan méjì ló wà nínú omi náà. Èkíní ni sáyánáídì, májèlé tí ń jáde nígbà tí a bá lọ ẹ̀gẹ́ tútù, pàápàá ẹ̀gẹ́ kíkorò. Èkejì ni kíkan rẹ̀, nítorí pé gàrí tiwa máa ń lo ọjọ́ bíi mélòó kan nínú àpò kí ó tó dé inú agbada. Méjèèjì ni ó ń pa ekòló àti àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tí ń mú kí ilẹ̀ lọ́ràá. Bí omi náà bá ṣàn dé odò kékeré, ẹja inú rẹ̀ lè kú. Bí ewúrẹ́ bá sì mu ún ní tútù, ewu ńlá ni fún un.

Ọ̀nà àtúnṣe rẹ̀ kò ju agbára àwọn tó ń pawọ́ pọ̀ lo ẹ̀rọ kan náà lọ. Kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilẹ̀ abẹ́ jáàkì, kí wọ́n la gọ́tà kúkúrú láti ibẹ̀ lọ sí kòtò olójú méjì tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ, tí wọ́n sì rẹ́ nínú kí omi má baà jò wọlẹ̀. Ojú kìíní ni omi yóò kọ́kọ́ dúró sí títí tí ṣítáàṣì yóò fi sọ̀kalẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Wọ́n lè bu ṣítáàṣì yìí, kí wọ́n sá a, kí wọ́n sì tà á fún àwọn alágbàfọ̀. Ojú kejì ni omi òkè yóò ṣàn bọ́ sí, kí ó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí afẹ́fẹ́ àti oòrùn lè ráyè ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n tó da eérú igi sí i láti pa kíkan rẹ̀, eérú kò sì ní wọ́n wọn níbi tí wọ́n ti ń dáná gàrí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe da eérú sí i láti ọjọ́ kìíní, nítorí pé bí eérú bá pọ̀ jù nínú omi, inú rẹ̀ ni sáyánáídì yóò jókòó sí dípò kí ó fò kúrò. Kí wọ́n fi igi tàbí àwọ̀n irin bo ojú kòtò nítorí ọmọdé àti ẹran, kí ó jìnnà sí kànga tó mítà 30 ó kéré tán, kí kànga má sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ti eèpo ẹ̀gẹ́ ni ó kù. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n dà á jọ gègèrè lẹ́yìn ilé, kí ó jẹrà títí tí eṣinṣin yóò fi gba àdúgbò, tàbí kí wọ́n finá sí i kí ó máa rú èéfín fún ọjọ́ púpọ̀. Oúnjẹ ẹran ni wọ́n ń sọ nù bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ILRI, ilé ìwádìí nípa ẹran ọ̀sìn tó ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn, ti fi hàn pé bí a bá lọ eèpo tútù, tí a fún omi rẹ̀, tí a sẹ́ ẹ, tí a sì sá a, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 3 eèpo tútù yóò di tọ́ọ̀nù 1 oúnjẹ ẹran gbígbẹ. Ẹ̀rọ kan náà tó ń lọ ẹ̀gẹ́ lè lọ eèpo. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ lè tẹ́ eèpo náà ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí sìmẹ́ńtì tàbí tapólì lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ ẹ́ gan-an, kí ó máa yí i títí yóò fi gbẹ táútáú, kí ewúrẹ́ tó fẹnu kàn án. Èyí tí ó bá ti bàjẹ́, kí wọ́n pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ, kí wọ́n máa yí i lóòrèkóòrè; láàárín oṣù díẹ̀ yóò di ajílẹ̀ tí àgbàdo yóò dúpẹ́ fún.

Bátìrì àti ọ́ìlì dúdú

Omi ẹ̀gẹ́ ṣì ń fò lọ bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́. Òjé, irin olóró tó wà nínú bátìrì ọkọ̀, kì í lọ. Ògìjo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù, jẹ́ ibi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ àtijọ́ láti gba òjé inú rẹ̀, ní ọdún 2025 sì ni ìròyìn tàn káàkiri nípa òjé tí àyẹ̀wò bá nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ọmọdé tó ń gbé nítòsí. Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí di ìtàn tí a gbọ́ tí a sì gbàgbé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ kedere pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a lè pè ní aláìléwu. Ọpọlọ ọmọdé ni ó ń bà jẹ́ jù lọ, nítorí pé ọmọ tó ń rá, tó ń ṣeré nílẹ̀, tó sì ń ki ọwọ́ bọ ẹnu, ni erùpẹ̀ ń wọ inú rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, ó ju 400 ọmọdé lọ tí òjé pa, níbi tí àwọn ará abúlé ti ń lọ òkúta góòlù tí òjé wà nínú rẹ̀ nínú ọgbà ilé wọn.

Bí ẹ bá ń gbé nítòsí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ máa bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ẹ máa fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ dípò kí ẹ gbá a ní gbígbẹ, kí àwọn ọmọ sì máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun. Ẹ fi iyanrìn mímọ́ láti ibòmíràn bo ilẹ̀ gbalasa tí ọmọdé ń ṣeré lórí rẹ̀, tàbí kí ẹ gbin koríko sí i. Ẹ má ṣe gbin tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ sí ilẹ̀ náà. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe tan ara rẹ̀ jẹ pé omi kànga yóò dára bí a bá ti sè é, nítorí pé iná kì í lé òjé kúrò nínú omi. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn nìkan ni ó lè sọ bóyá ó ti wọ ara ọmọ.

Ẹni tí bátìrì rẹ̀ bá kú, kí ó dá a padà ní odidi fún ẹni tó ń tà á. Kí a má fọ́ ọ nílé, kí a má sì da áàsìdì rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì náà lè máa gbe ọ́ìlì dúdú sínú dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí, kí wọ́n máa da ìyẹ̀fun pákó sórí èyí tó bá dànù kí ó lè fà á mu. Ní ti ilé, ẹ ya ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti ike sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń rà wọ́n, kí ẹ má ṣe jó wọn, nítorí pé èéfín ọ̀rá kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ariwo

Dẹ́síbẹ̀lì ni àwọn onímọ̀ fi ń wọn ariwo. Ìwọ̀n 85 ni a gbà pé òṣìṣẹ́ lè wà nínú rẹ̀ fún wákàtí 8 lójúmọ́. Bí ó bá fi 3 lé, kí àsìkò náà dín sí ìdajì, ìyẹn ni pé wákàtí 4 ni ó tọ́ sí 88, nígbà tí 100 kò ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìwọ̀n lè fi ẹnu mọ̀ ọ́n: bí ẹ bá dúró ní mítà kan sí ẹnìkejì, tí ẹ ní láti pariwo kí ó tó gbọ́ yín, ariwo ibẹ̀ ti kọjá 85. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo, tí ó jáde ní ọdún 2009 lábẹ́ NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, fi 50 sí àdúgbò ibùgbé lọ́sàn-án, ó sì fi 35 sí i láti aago 10 alẹ́ di aago 6 òwúrọ̀.

Etí tí ń hó lẹ́yìn tí ariwo ti dáwọ́ dúró ni àmì àkọ́kọ́. Bí ó bá ń rí bẹ́ẹ̀ léraléra, etí yóò máa wúwo díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá sì ti lọ kì í padà. Ariwo òru a máa gba oorun lójú, a sì máa dá kún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọmọ tó wà ní kíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta kò ní gbọ́ olùkọ́ dáadáa, wọn yóò sì máa pè é ní olódo.

Ẹni tó ni ẹ̀rọ ìlọta tàbí jẹnẹrétọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti orí sàláńsà rẹ̀. Bí ó bá ti jò, kí ó pààrọ̀ rẹ̀. Kí ó de ẹ̀rọ náà mọ́ orí kọnkéré pẹ̀lú rọ́bà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ìgbọ̀n rẹ̀ má baà gba ara ilé lọ. Ìjìnnà náà ṣe pàtàkì, nítorí pé ní ìta gbangba, bí a bá sọ mítà 5 di mítà 10, ariwo yóò fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ̀lì 6 dín kù. Ògiri búlọ́ọ̀kù láàárín ẹ̀rọ àti ilé aládùúgbò ṣe ìrànlọ́wọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n kí òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹ má ṣe torí ariwo gbé jẹnẹrétọ̀ wọ inú ilé tàbí kọ́rídọ̀, nítorí pé èéfín rẹ̀ ti pa odidi ìdílé lójú oorun rí. Ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ náà lójoojúmọ́ nílò ohun tí a dìídì ṣe láti fi dí etí. Òwú lásán kò tó.

Lórí ilé ìjọsìn, ọ̀rọ̀ náà gba sùúrù, mo sì fẹ́ sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Sìpíkà kékeré púpọ̀ tí a tò sínú ilé, tí a yí ohùn wọn sílẹ̀, máa ń jẹ́ kí ìjọ gbọ́ ìwàásù dáadáa ju sìpíkà ńlá kan tó kọjú sí òpópónà lọ. Ní àìsùn, kí a pa ti ìta bí aago 10 bá ti lù. Ní ọjọ́ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí àwọn ìdílé Balógun bá ń gun ẹṣin wọlé tí ìbọn ń dún, kí ìyá tó pọn ọmọ má dúró sí iwájú. Ìró ìbọn kan ṣoṣo nítòsí lè ba etí ọmọ ọwọ́ jẹ́.

Bí ẹnìkan bá kọ̀ jálẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ rán àgbà sí i, kì í ṣe ọlọ́pàá. Bí kò bá gbọ́, ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò àti Baálẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀dọ̀ àwọn wọlé-wọlé ní ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ tó kọ̀wé sí OGEPA, àjọ ìpínlẹ̀ Ògùn tó ń rí sí àyíká. Ìwé tí wọ́n máa ń ka sí ni èyí tó sọ ọjọ́, aago tí ariwo bẹ̀rẹ̀ àti aago tí ó dáwọ́ dúró, tàbí ibi tí omi ti ń jáde àti ibi tí ó ń ṣàn dé, pẹ̀lú àwòrán. Ẹ jẹ́ kí ju ilé kan lọ fọwọ́ sí i, ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbà á sí èyí tí ẹ ó mú padà wálé.