Bí A Ṣe Ń Tẹpẹlẹ Mọ́ Títa Ìwé Lẹ́yìn Ayẹyẹ Ìkójáde

Tí ẹ bá kó ìwé jáde ní Àbújá, ẹ kò ní ṣàì rí èrò lọ́jọ́ náà. Àwọn ará ìlú yín á ti Kubwa, Nyanya àti Lugbe wá, wọ́n á náwó, wọ́n á ya fọ́tò. Lẹ́yìn ìyẹn, páálí tó kù á wà nílé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti ń dáwọ́ dúró, ó sì ń dùn mí, torí mo fẹ́ kí ìwé Yorùbá dé ọwọ́ ọmọ tí wọ́n bí síbí.

Kí ẹ tó tẹ ìwé ni kí ẹ ti gba ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀, ní National Library of Nigeria. Tó bá jáde, ẹ fún wọn ní ẹ̀dà 3 láàárín oṣù kan, bí òfin 1970 ṣe là á sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀ síbẹ̀, ohun tó sọ, àti ọjọ́ tí ẹ máa padà lọ. Ọjọ́ ìpadàlọ yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Bí ọ̀gá ilé ìwé kan ní Karu bá ní, "Ẹ jẹ́ kí táàmù yìí parí ná," kò tíì lé yín. Ọdún ẹ̀kọ́ tuntun ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ padà débẹ̀ kí wọ́n tó kọ orúkọ ìwé tí òbí máa rà. Ẹni tó bá lọ ní oṣù kẹwàá ti pẹ́.

Ilé ìtàwé ló gba sùúrù jù. Wọn kì í sábà fowó ra ìwé òǹkọ̀wé tí wọn kò mọ̀; wọ́n á gbà á, tó bá tà, wọ́n á sanwó. Ẹ fún wọn ní ẹ̀dà 5, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé fún yín pé àwọn gbà á, kí ẹ sì máa yà níbẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ má wọlé bí ẹni tó wá sin gbèsè. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo ní kí n wá wo bí ọjà wa ṣe ń lọ ni." Tó bá jẹ́ Háúsá lẹ bá níbẹ̀, "sannu da aiki" á mú kó rẹ́rìn-ín. Ẹ wo orí àtẹ: wọ́n lè ti to ìwé mìíràn bo tiyín mọ́lẹ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé e síbi tí ojú ti lè rí i, ẹ nu eruku rẹ̀. Kí ẹ tó kúrò, ẹ sọ ìtàn inú rẹ̀ fún ọmọ tó ń dúró ti ọjà, torí òun ni oníbàárà máa ń bi léèrè.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí àsàlátù, ẹ tọrọ ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́wọ́ akọ̀wé, kí ẹ ka ojú ìwé kan sókè. Òṣìṣẹ́ ìjọba ló pọ̀ nínú wọn, nítorí náà ẹ má gbé ìwé lọ bá wọn nígbà tí owó oṣù ti tán lọ́wọ́.

Wákàtí 24 ni státọ́ọ̀sì WhatsApp ń lò kó tó pa rẹ́. Ẹ má fi fọ́tò ẹ̀yìn ìwé kan náà dá àwọn èèyàn lágara. Lónìí ẹ ka ìpínrọ̀ kan sínú fóònù, lọ́jọ́ mìíràn ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹni tó ti kà á síbẹ̀. Ọjọ́ Èdè Abínibí, 21 oṣù kejì, àti Ọjọ́ Ìwé Àgbáyé, 23 oṣù kẹrin, dáa fún irú rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá rà á láti Lọ́kọ́ja tàbí Kàdúná, ẹ fi ránṣẹ́ láti gáréèjì Jábì, kí ẹ sì pè é lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì: "Ẹ ti kà á dé ibo?" Ẹni tó bá kà á tán lẹ máa ní kó júwe ẹnì kan sí i fún yín. Orúkọ ẹni yẹn ni kí ẹ kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ yín, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ máa pè é.